Ẹ Má Tíì Gbé Kọ̀ǹpútà Àgbà Sọnù

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti orin, kì í ṣe ti ìtàn òrìṣà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó ilé-ẹ̀kọ́ (ìyẹn wà lójú ewé tó kẹ́yìn, ẹ má rò pé a gbàgbé). Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà inú ilé ni.

Ohun tó fà á nìyí. Nígbà tí ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 pé, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, ọ̀kan nínú àwọn ìdílé wa gbé kọ̀ǹpútà wọn síta. Kò bàjẹ́ o. Ó ń tàn, ó ń tẹ̀wé, ó kàn ń wọ́ bí ìgbín ni, ó sì ti ń kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan pé òun kò lè gba Windows 11. Ọmọ wọn ọkùnrin ní ó ti kú. Bàbá gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lálẹ́, ọkọ̀ ìdọ̀tí kó o lọ láàárọ̀.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ìyá àwọn ọmọ tó pariwo. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni ohùn ìyá ìyá rẹ̀ wà. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án ni wọ́n gbà sílẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1996, tí ìyá àgbà ń kọrin Ọ̀ṣun àti ti Yemọja bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní Matanzas ní Kúbà, tó ń túmọ̀ èyí tó bá mọ̀, tí yóò sì sọ nípa èyí tí kò mọ̀ pé, "Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nìyí, èmi náà ò mọ̀dí rẹ̀, ẹ ṣáà máa kọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Kásẹ́ẹ̀tì ti gbó, wọ́n ti dà wọ́n nù lẹ́yìn tí wọ́n kó ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà. Ìyá ti wọ káà ilẹ̀. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù láyé, òun ló bá ọkọ̀ ìdọ̀tí lọ.

A ò ní dárúkọ wọn. Àwọn fúnra wọn ló ní ká kọ ọ́, kí ojú ẹlòmíràn lè là.

Èrò tiwa, ká sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀, ni pé ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní òkú nínú ilé wa kò kú. Eruku ló bò ó, ẹrù ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ló ti rẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ṣeé tọ́jú láìyí ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí rẹ̀ padà, owó tó sì máa ń náni kì í sábà tó ìdajì owó kọ̀ǹpútà tuntun. Àwa tí à ń kọ́ ọmọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà, ṣé àwa ló yẹ ká máa kó àkísà àgbà dà sínú ìdọ̀tí láìtú u wò? Kọ̀ǹpútà tuntun á láṣọ lóòótọ́. Ọwọ́ èyí tó ti pẹ́ ni àkísà wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tí Windows 11 fi ń kọ̀ wọ́n. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Nígbà tí Windows 11 jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn tó ṣe é sọ pé dandan ni kí kọ̀ǹpútà ní nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, tó máa ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí, kí processor, tí í ṣe ọpọlọ rẹ̀, sì wà nínú àkójọ tí àwọn fọwọ́ sí. Ní ti Intel, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀, láti ìran kẹjọ lọ sókè ni wọ́n gbà, ìran kẹjọ yẹn kò sì jáde títí di ọdún 2017. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí ẹ rà ní 2014 tàbí 2016, bó ti wù kó lágbára tó, kò sí nínú àkójọ. Òfin ẹnu ọ̀nà ni wọ́n yí padà, kì í ṣe pé àlejò ń ṣàìsàn.

A mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń dọ́gbọ́n tì í wọlé tipátipá. A ò gba òbí kankan nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, torí Microsoft ti sọ pé òun ò fọwọ́ sọ̀yà pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa rí àtúnṣe gbà. Àwọn mìíràn ń kó Linux sí i. Ó dára, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ kíkó lọ sílé mìíràn nìyẹn, a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Ti ẹni tó fẹ́ jókòó síbi tó wà, kó tún ilé rẹ̀ kùn, là ń sọ lónìí.

Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe nínu eruku, kì í ṣe ríra ohunkóhun. Ẹ̀dà ni. Ẹ kó gbogbo ìwé, àwòrán àti ohùn sórí hard disk ìta, èyí tí a ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ tún kó o sórí ìkejì, kí ẹ gbé ìkejì yẹn fún ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín tó ń gbé nílé mìíràn, nítorí iná àti omi kì í sọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi ẹ̀kẹta sí ibi ìpamọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n orin ìdí òrìṣà tí kì í ṣe ti gbogbo ayé, a ò rò pé ibẹ̀ ló yẹ kó máa gbé, ẹni tí kò gbà pẹ̀lú wa lórí èyí lè kọ̀wé sí wa. Lẹ́yìn tí ẹ bá kó o tán, ẹ gbé ẹ̀dà náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ ṣí i, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. A mọ ẹnìkan tó gbé fílásì pamọ́ fún ọdún mẹ́ta, ọjọ́ tó máa lò ó, fódà òfìfo ló bá nínú rẹ̀.

Ìgbà yẹn lẹ tó lè wá dojú kọ eruku. Ilé tiwa yàtọ̀ sí ilé ẹlòmíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwa la ń tan àbẹ́là, àwa la ń sun tùràrí, nígbà mìíràn sìgá àǹgbá ń rú èéfín níwájú ojúbọ láti alẹ́ mọ́jú. Èéfín yẹn lọ́ràá nínú. Tó bá ti pàdé eruku lẹ́nu fáànù kọ̀ǹpútà, ńṣe ni wọ́n máa ń dì pọ̀ bí aṣọ òwú, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà gbà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé, processor á gbóná, tó bá sì gbóná jù, ó máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀ kó má baà jó. Ẹ̀yin á ní ogbó ló dé sí i. Ogbó kọ́, ooru ni.

Ẹ pa á pátápátá, ẹ yọ wáyà iná, ẹ gbé e lọ síta tàbí sẹ́nu fèrèsé. Ẹ tú ìdérí. Ẹ fi agolo afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ ohun èlò ọ́fíìsì fẹ́ eruku náà jáde, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ìka kan di abẹ́ fáànù mú kó má máa yí bí ẹ ti ń fẹ́ ẹ. Ẹ má lo ẹ̀rọ tí a fi ń fa ìdọ̀tí kápẹ́ẹ̀tì, torí iná kékeré tí ara rẹ̀ máa ń yọ lè pa nǹkan nínú. Láàárín processor àti irin tó ń gba ooru lára rẹ̀, ìpara kan wà tó máa ń gbẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ lè nù ún kí ẹ fi tuntun sí i fúnra yín. Ti láptọ́ọ̀pù, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tú, àwa náà ti tú ọ̀kan rí tí sikúrù mẹ́ta ṣẹ́ kù nígbà tí a kó o jọ tán.

A mọ̀ pé ẹ ó bi wá: ṣé kọ̀ǹpútà kì í ṣe irin ni? Ṣé irin kì í ṣe ti Ògún? Bẹ́ẹ̀ ni, ti Ògún ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tọrọ ààbò fún un lọ́jọ́ Ògún bí a ṣe ń tọrọ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ máa ṣe é, kò burú. Ṣùgbọ́n ojú Ògún ni kí ẹ da ọtí sí, kó má dé orí kíbọọ̀dù. Lọ́dún kan, àgbà kan tí a bọ̀wọ̀ fún fẹ́ jíìnì sára kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́nu rẹ̀ báyìí. Ògún gbà á o. Kíbọọ̀dù yẹn ò jí mọ́ títí di òní.

Lẹ́yìn eruku, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Bí ẹ bá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí. Ẹ wo abẹ́ Startup níbẹ̀. Gbogbo orúkọ tí ẹ bá rí ni àwọn tó ń jí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà láàárọ̀, tí olúkúlùkù ń béèrè oúnjẹ. Èyí tí ẹ ò mọ̀ pé ẹ nílò, ẹ ní kó dúró. Ẹ yọ àwọn ètò tí ẹ ò lò láti ọdún yìí wá, pàápàá àwọn adènà fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn fún yín lọ́jọ́ ìrajà, tí ọjọ́ wọn ti kọjá, tí wọ́n kàn ń fi ìpolówó dí yín lójú. Bí aago kọ̀ǹpútà bá ń padà sẹ́yìn nígbàkígbà tí ẹ bá yọ iná, bátìrì pẹlẹbẹ bí owó ẹyọ, CR2032, ló tán nínú ọ̀pọ̀ wọn. Owó kékeré ni.

Wàyí o, ibi tí iṣẹ́ gan-an wà ni hard disk. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo rẹ́kọ́ọ̀dù rí, ohun kan náà ni: àwo tó ń yí, abẹ́rẹ́ tó ń sá káàkiri lórí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́, àwo náà ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó dà bí eré, àmọ́ Windows 10 kì í béèrè orin kan lẹ́ẹ̀kan. Ó ń béèrè ọgọ́rọ̀ọ̀rún nǹkan kéékèèké lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ á sì máa sá síwá sẹ́yìn bí ìyá tó bímọ púpọ̀ lákòókò oúnjẹ. Ariwo kékeré tí ẹ ń gbọ́, tí iná pupa tàbí ti funfun kan ò dẹ́kun ṣíṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ yẹn ni.

SSD kò ní àwo, kò ní abẹ́rẹ́, ohunkóhun ò yí nínú rẹ̀. Níbi tí hard disk àtijọ́ ti ń ka nǹkan bí 100 megabyte láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, SSD lásán tó ń lo ẹnu SATA kan náà ń ka nǹkan bí 500. Ti nǹkan kéékèèké tó fọ́n káàkiri ni ìyàtọ̀ ti wá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wa tí a rà ní 2015, tí a bá tàn án, àwọn ọmọ á ti kí àgbà tán, wọ́n á ti bọ́ bàtà, wọ́n á ti kọrin Èṣù parí, kò ì tíì ṣí. A kà á lọ́jọ́ kan, ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lẹ́yìn tí a fi SSD sí i, a ò tíì jókòó tán tó fi ń dúró dè wá. Windows 10 kan náà ni, fáìlì kan náà, àwòrán Oríṣàálá kan náà lójú rẹ̀.

Ẹ ò nílò láti fi Windows tuntun sí i. Ètò wà tó máa ń ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí hard disk, títí kan Windows fúnra rẹ̀, sórí SSD láìku ẹyọ kan. Ẹ fi wáyà SATA sí USB so SSD mọ́ ọn lóde, ẹ jẹ́ kó ṣe ẹ̀dà, ẹ pa á, ẹ pààrọ̀ wọn. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò pé ẹnu SATA oníwọ̀n 2.5 ni tiyín ní kí ẹ tó rà á, nítorí àwọn kan ń lo irú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní M.2. Lẹ́yìn tí ohun gbogbo bá ti ń lọ déédéé fún oṣù kan, ẹ má pa èyí àtijọ́ rẹ́. Ẹ fi aṣọ funfun wé e, ẹ kọ déètì sí i, ẹ gbé e pamọ́. Ẹ̀dà mìíràn nìyẹn, ẹ ò ná kọ́bọ̀ lé e.

Ti RAM, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Bí tiyín bá jẹ́ gigabyte 4, sísọ ọ́ di 8 á jẹ́ kó mí. Ẹ mọ irú tó ń lò, torí DDR3 kì í wọ ihò DDR4, àwọn láptọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà tí wọ́n ti jó tiwọn mọ́ inú, kò ṣeé fi kún. Owó RAM gbówó lórí gan-an ní ìparí ọdún 2025 nítorí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń kọ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá ń rà á ní àràkó, nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín kí ẹ tó sáré rà. Bóyá ẹnìkan nínú ilé wa ní èyí tí kò lò.

Ibi tó kan wa jù rèé, àwa tí à ń kọ èdè yìí. Láyé ọdún 1990, kọ̀ǹpútà tó wà lọ́wọ́ wa kò mọ ẹ, ọ àti ṣ. Unicode, ìyẹn àdéhùn tó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà, ti fún wọn láyè láti ọdún 1993, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó dé orí tábìlì tiwa. Kó tó dé, ńṣe ni a máa ń wá fọ́ǹtì tí ẹnìkan ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, tó ti lé àmì kan tí a ò lò kúrò, tó sì fi ẹ jókòó sípò rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tó bá ní fọ́ǹtì yẹn, ìwé á fi Yorùbá hàn yín. Lórí èyí tí kò ní in, àmì owó àti lẹ́tà èdè àjèjì lẹ máa rí láàárín ọ̀rọ̀, bíi pé àdán rìn kọjá lórí ìwé.

Ẹni tí wọ́n bí sí Ìbàdàn lè ka ìwé tí kò lámì, kó sì fi ọkàn rẹ̀ dí ihò. Àwa kọ́. Inú ìwé ni púpọ̀ nínú wa ti kọ́ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan lóòjọ́, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmì ni ojú wa. Bí àmì bá ṣubú, a ò mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ̀ ojú omi, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun. Nínú àdúrà, ìyẹn kì í ṣe eré.

Nítorí náà, kọ̀ǹpútà àgbà tó ń sùn ní yàrá yín lè jẹ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó kù tó lè ka ìwé àdúrà tí àgbà yín tẹ̀ ní 1997. Ẹ má jẹ́ kó lọ kí ẹ tó ṣe nǹkan mẹ́ta. Ẹ wọ inú fódà Fonts tó wà nínú fódà Windows, ẹ wá fọ́ǹtì náà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé náà. Ẹ ṣí ìwé kọ̀ọ̀kan, ẹ fi Microsoft Print to PDF tó wà nínú Windows 10 sọ ọ́ di PDF, kí ìrísí rẹ̀ lè dúró. Kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí bébà kò mọ fọ́ǹtì. Bí Word àtijọ́ ò bá sí mọ́, LibreOffice, tí kì í gba owó, máa ń ṣí ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè wá jókòó tún un tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní lẹ́tà òde òní. Kíbọọ̀dù Yorùbá wà nínú Windows 10 láìsanwó, abẹ́ ètò èdè lẹ máa ti fi kún un. Bí àmì ohùn bá ń jókòó wọ́gọwọ̀gọ lórí ẹ àti ọ, fọ́ǹtì ló kù díẹ̀ káàtó. Charis SIL àti Noto máa ń gbé e jókòó dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni àwọn méjèèjì.

A ò ní tàn yín lórí ọ̀rọ̀ ewu. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ríbi wọ̀, ògiri Windows 10 á sì máa lanu, torí láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, àwọn tó kọ́ ọ ò rẹ́ ẹ fún gbogbo ènìyàn mọ́. Wọ́n ṣètò àfikún ìtọ́jú fún àwọn tó ń lò ó nílé, tí yóò dé ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, ẹ lè gbà á láìsanwó bí ẹ bá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi ètò rẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ Microsoft, tàbí kí ẹ san dọ́là 30. Kí tiyín kọ́kọ́ wà ní ìpele 22H2. Ọlọ́dẹ inú rẹ̀, Microsoft Defender, wọ́n ní àwọn á ṣì máa fi ìròyìn olè tuntun ránṣẹ́ sí i títí di oṣù kẹwàá ọdún 2028. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ kì í ṣe bíríkìlà.

Òfin tí a fi lélẹ̀ fún ti ilé-ẹ̀kọ́ ni pé ọjọ́ tí àtúnṣe bá ti dá, ọjọ́ yẹn ni wáyà íntánẹ́ẹ̀tì á kúrò lára rẹ̀. Kò ní ṣí báǹkì, kò ní ṣí lẹ́tà, kò ní mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹnikẹ́ni. A ó máa fi fílásì tí a ti yẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn gbé nǹkan wọlé. Àwọn òbí kan bi wá pé kí ni ìwúlò kọ̀ǹpútà tí kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá wo àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ń kọ oríkì ara wọn, wọ́n ń fi àmì sí i, wọ́n ń gbọ́ ohùn àgbà, wọ́n ń dá a dúró, wọ́n ń tún un gbọ́. Kò sí eré tó ń pè wọ́n lápá kan, kò sí ìpolówó. Ká ní ẹ̀rọ tuntun tó lè ṣe gbogbo nǹkan ló wà níwájú wọn ni, gbogbo nǹkan náà ni wọn ì bá máa ṣe, àfi Yorùbá.

Ẹ sì béèrè pé níbo ni èyí tí a jù nù ń lọ. Nínú ìròyìn tí àjọ àgbáyé gbé jáde ní 2024, ìdọ̀tí ẹ̀rọ oníná tí ayé dá sílẹ̀ ní ọdún 2022 tó mílíọ̀nù 62 tọ́ọ̀nù, ìdá 22.3 nínú ọgọ́rùn-ún nìkan ni wọ́n ní àkọsílẹ̀ pé wọ́n kó jọ tí wọ́n sì tún lò bó ṣe yẹ. Àdéhùn Basel ti wà láti ọdún 1989 pé kí ilẹ̀ kan má da irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ sí ilẹ̀ mìíràn lọ́rùn. Amẹ́ríkà tí a ń gbé yìí fọwọ́ sí i, kò sì tíì sọ ọ́ di òfin ara rẹ̀. Lára ìdọ̀tí ayé yìí ń wọ ibùdó ọkọ̀ ojú omi Èkó, ilẹ̀ Yorùbá tí à ń kọrin rẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Èyí tó bá ṣeé jí níbẹ̀ lè dé ọwọ́ àwọn alátùn-únṣe ní Ìkẹjà, ní Computer Village, wọ́n á tú u, wọ́n á fi apá òkú jí alààyè, ẹnìkan á sì fi ọdún púpọ̀ sí i lò ó. Ẹ ò ní sọ fún irú wọn pé kọ̀ǹpútà ọdún 2015 ti kú. Èyí tí kò ṣeé jí á lọ sí ààtàn, ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń dáná sun wáyà rẹ̀ kí wọ́n lè rí bàbà yọ, tí èéfín oró ń wọ̀ wọ́n nímú. Ohun tí a gbé síta lálẹ́ níhìn-ín lè jẹ́ èéfín ẹlòmíràn lọ́hùn-ún.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tọ́jú, àgbà náà máa ń kú. Bí bátìrì láptọ́ọ̀pù bá wú tí ó ń ti ìdérí sókè, ẹ má gún un, ẹ má gba iná sí i mọ́, ẹ gbé e lọ síbi tí ìjọba ìlú yín ń gba irú rẹ̀. Bí òórùn ìjóná bá ń jáde nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé òkú jáde, ẹ yọ hard disk rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kejì oṣù tó ń bọ̀, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, a ó tẹ́ tábìlì gígùn sí yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín wá pẹ̀lú wáyà iná rẹ̀ àti hard disk ìta kan tí ohunkóhun kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní screwdriver kékeré kó mú un dání, ti ilé-ẹ̀kọ́ ti sọnù. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì wà nílé ìyá àgbà yẹn láyé ìgbà náà, tó gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì dání, bó ti wù kó kékeré tó, bí ohùn náà tilẹ̀ ń họ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo inú àpótí yín, ẹ mú un wá.